Ife Ásíìdì Kan Lórí Agogo Idẹ

Ọkọ̀ tó bá forí sọ ògiri, tó ká bí ìwé tí wọ́n rún mọ́wọ́, ẹ gbé e fún Dángbinrin. Panẹ́bítà ni. Kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, ọkọ̀ ọ̀hún á ti gún régé, á ti máa ṣe fáàrí. Ti dídán ńkọ́? Wọ́n ní eṣinṣin kan bà lé ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ló bá yọ̀, ló bá ṣubú, ẹsẹ̀ mẹ́rin ló ṣẹ́ nínú mẹ́fà. Wọ́n tún ní obìnrin kan wo ojú ara rẹ̀ lára ilẹ̀kùn ọkọ̀ tí Dángbinrin fọ̀, ó rí irun imú rẹ̀, ó kà á, ó pé mọ́kàndínlógún. Ìgbà tí wọ́n ń pe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ti di ìtàn. Dángbinrin ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, ó jókòó sórí táyà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń fi sáńpépà ha ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kan, ni ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àdúgbò bá wọlé. Ó gbé àpò sìmẹ́ńtì kan mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ ìkókó.

"Dángbinrin, iṣẹ́ rèé o."

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kì í ṣe òkú ológbò lẹ gbé wá yìí?"

"Òkú ológbò kẹ̀! Agogo ni. Àwọn tó gbẹ́ ìpìlẹ̀ kíláàsì tuntun ló wú u jáde nínú ilẹ̀ ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, níbi tí kíláàsì àtijọ́ wó sí kí wọ́n tó bí èmi pẹ̀lú ìwọ. Bàbá tó bí ìyá rẹ ló fọwọ́ ara rẹ̀ dà á."

Dángbinrin ju sáńpépà sílẹ̀. Ó fa agogo náà yọ. Ó tóbi tó orí géńdé ọkùnrin, ó sì wúwo bí ẹ̀ṣẹ̀. Gbogbo ara rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé, ó rí ṣákaṣàka bí ẹ̀yìn ọ̀nì. Níbì kan, àwọ̀ ewé náà dúdú, ó le. Níbòmíràn, ó funfun fẹ́ẹ́rẹ́, ó ń bu bí ìyẹ̀fun ṣọ́ọ̀kì.

"Ọjọ́ Ẹtì la fẹ́ ṣí kíláàsì tuntun," ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wí. "Mo fẹ́ gbé e kọ́ síwájú ibẹ̀. Ṣáà jẹ́ kó dán."

"Ọ̀gá, tí mo bá ṣe é tán, ẹ ó máa fọwọ́ bojú kẹ́ ẹ tó lè lù ú."

Bí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ṣe jáde, Dángbinrin gbé agogo lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, níbi tí ilé wọn wà. Màmá rẹ̀ jókòó sábẹ́ òrùlé, ó ń gba atẹ́gùn. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni. Ojú rẹ̀ ti bàìbàì. Ó lè rí i pé èèyàn ló ń bọ̀, kò lè rí i pé ẹni náà ń rẹ́rìn-ín. Lódìkejì rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin jókòó sí, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ aṣọ rírán, tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá Táílọ̀.

"Màmá, ẹ gbà, ẹ fọwọ́ kàn án. Agogo bàbá yín nìyí."

Ìyá àgbà náà na ọwọ́ síwájú. Ó fi pa ara agogo náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ sọ kì í ṣe ọpẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ó ti dé o. Òótọ́ ti dé. Ẹ múra."

"Òótọ́ wo?" Bàbá Táílọ̀ dìde lórí àga. "Èmi ni mo kọ́kọ́ lu agogo yẹn! Ìwọ wà lórí ibùsùn lọ́jọ́ náà, ibà ń ṣe ọ́!"

"Ibà tí kò ṣe mí rí! Bàbá ló gbé mi sókè, ló ní kí n lù ú. Ó sì gbẹ́ ẹ sára agogo. Ó kà á fún mi létí."

Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, ìjà yìí ti pé ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ìyá àgbà jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ́ mẹ́sàn-án; kò pẹ́ sígbà náà ni kíláàsì wó, agogo sì wọlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gòkè lọ ka ohun tó wà lára rẹ̀. Wọ́n jà á kí wọ́n tó ṣègbéyàwó, wọ́n jà á lẹ́yìn ìgbéyàwó, wọ́n jà á di arúgbó. Àlejò tó bá fẹnu ba agogo nílé yẹn, omi tí wọ́n bù fún un á gbóná, á tún tutù, kí wọ́n tó jẹ́ kó mu ún.

"Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀," Dángbinrin wí. "Kí wákàtí kan tó pé, màá fọ̀ ọ́, màá kà á fún yín."

Ó yára wọ ṣọ́ọ̀bù. Ìpẹtà tó bá ṣagídí sí Dángbinrin lọ́wọ́, ásíìdì bátìrì ló fi ń bá a sọ̀rọ̀. Ó da ife kan kún, ó sì dà á sí ikùn agogo náà gbàà.

Ṣùùùùù! Agogo náà hó bí ẹni tí wọ́n bú. Àwọ̀ ewé yẹn yọ́, ó di omi búlúù, ó ń ṣàn lọ sílẹ̀. Dángbinrin fi aṣọ nù ún. Ibi tó tó àtẹ́lẹwọ́ ti ń kọ yànràn, ó pupa, ó dán, ó ń ta síni lójú.

"Ẹ wá wò ó! Oòrùn ti já bọ́ sínú ṣọ́ọ̀bù mi!"

Bàbá Táílọ̀ tẹ̀ kọ́ọ́kọ́ọ́ wá, ó fi awò rẹ̀ wo ibẹ̀. "Kò sí ìwé kankan níbí o. Mo sọ! Mo ti ń sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí!"

Dángbinrin tún gbé ìgò ásíìdì, kó da ife kejì.

"Bọ̀ọ̀dá! Ẹ gbé ìgò yẹn sílẹ̀!"

Igbe yẹn, àwọn ẹyẹ àdúgbò mẹ́ta ló fi ẹyin sílẹ̀ sá lọ. Àbúrò Dángbinrin obìnrin ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Òwú ni wọ́n ń pè é nílé, nítorí kò sí báàgì tó gbé rí tí òwú kì í sí nínú rẹ̀. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ń kó ohun àtijọ́ pa mọ́ sí, nínú yàrá tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn èyí tó ń bàjẹ́. Àtọjọ́ tó ti jáde yunifásítì ni Dángbinrin ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. "O ka kẹ́mísìrì fún odindi ọdún mẹ́fà, o ò se ọṣẹ, o ò po lọ́fíńdà, o ò tilẹ̀ lè pa ẹ̀fọn! Òwú lò ń gbé kiri bíi nọ́ọ̀sì!"

Lọ́jọ́ yẹn, Ìyá Òwú kò ráyè gbọ́ yẹ̀yẹ́. Ó fa ìbọ̀wọ́ rọ́bà yọ nínú báàgì, ó wọ̀ ọ́. "Omi tẹ́ ẹ fi ń kún bátìrì dà, èyí tí kò ní ásíìdì?"

"Ìgò méjì wà lórí pákó yẹn. Omi ẹ̀rọ ńkọ́?"

"Iyọ̀ àti kílórìn wà nínú omi ẹ̀rọ. Iyọ̀ sì ni ọ̀tá agogo yìí." Ó ń da omi mímọ́ náà sí ojú ibi tó ń dán, díẹ̀díẹ̀, títí ìgò méjèèjì fi gbẹ. "Ẹ tún wo ọwọ́ yín, ẹ ò wọ nǹkan kan. Ṣé ojú yín ti pọ̀ jù fún yín ni, tẹ́ ẹ fi ń da ásíìdì bí omi ìfọwọ́?"

"Ìdọ̀tí ni mò ń fọ̀ o jàre."

"Kì í ṣe ìdọ̀tí. Bọ̀ọ̀dá, bí ọ̀dà bá bó lára ọkọ̀, ṣé irin ṣì wà lábẹ́ rẹ̀?"

"Ó wà."

"Ṣé nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára irin náà ṣì wà?"

"Ó wà digbí."

"Ti agogo yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún tí ilẹ̀ ti ń jẹ ẹ́. Idẹ tó wà lójú rẹ̀ ti yí padà, òun ló di àwọ̀ ewé tó le yìí. Bí bàbá Màmá bá gbẹ́ ọ̀rọ̀ kan sí i, inú àwọ̀ ewé yìí ló wà báyìí. Kò sí lára idẹ tó wà lábẹ́ mọ́. Ẹni tó bá fi ásíìdì bó àwọ̀ ewé, ọ̀rọ̀ náà ló bó dànù."

Dángbinrin wo ojú ibi tó ń dán yẹn. Láti ọjọ́ tó ti dé ayé, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí dídán kò dùn mọ́ ọn.

"Ẹ wo èyí tó funfun bí ṣọ́ọ̀kì," àbúrò rẹ̀ ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Àìsàn ni ìyẹn. Iyọ̀ ilẹ̀ ti há sínú idẹ náà. Bí atẹ́gùn tó lómi nínú bá ti kàn án, á tún máa jẹ ẹ́ lọ. Bẹ́ ẹ bá gbé e kọ́ síta lọ́jọ́ Ẹtì, bó bá ṣe díẹ̀, ìyẹ̀fun lẹ ó máa gbá nílẹ̀."

"Ó dáa. Máa gbé e lọ, kó o sì dá a padà lọ́jọ́bọ̀."

"Oṣù mẹ́ta."

"Oṣù mẹ́ta! Èmi tí mo tún ọkọ̀ tó bọ́ sódò ṣe lọ́jọ́ mẹ́rin, tí mo sì yọ ẹja mẹ́ta nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀!"

"Tí ọkọ̀ bá bàjẹ́, wọ́n á ra òmíràn. Ẹ bá mi ra agogo yìí òmíràn, kí n rí i."

Dángbinrin gbé ìgò ásíìdì padà sórí pákó. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ bẹ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, ó sì gbé rímù ọkọ̀ ńlá kan fún un pé kí wọ́n máa fi lu àkókò fún àwọn ọmọ. Òun náà ló gbé agogo lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ó gbé e lórí itan, kò jẹ́ kí ọkọ̀ gbọ̀n ọ́n.

Yàrá tí àbúrò rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ mọ́ débi pé eruku tó bá fẹ́ wọlé á kọ́kọ́ béèrè. Tábìlì funfun ló wà níbẹ̀, àti iná tí ọrùn rẹ̀ ń tẹ̀, tó ní awò ńlá tó ń sọ èèrà di ajá. Kọ́kọ́rọ́ irin kan sùn lórí tìmùtìmù bí ọba. Bàtà kan tí wọ́n yọ nínú omi wà nínú ike, wọ́n kọ nọ́ńbà sí i lára bí ẹni tí wọ́n dá dúró sí ọsíbítù. Dángbinrin, tí kì í rìn kí ilẹ̀ máà mì, fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọlé.

Ó jókòó, ó ń wò. Ìyá Òwú wé òwú díẹ̀ mọ́ ṣóńṣó igi tín-ín-rín, ó tì í bọ omi mímọ́, ó yí i sí ara agogo lẹ́ẹ̀kan, ó jù ú nù. Ó wé òmíràn. Wákàtí mẹ́rin kọjá. Ibi tó fọ̀ kò tó èékánná àtàǹpàkò.

"Bó bá jẹ́ pé ìwọ ló ń fọ ọkọ̀," Dángbinrin wí jẹ́jẹ́, "àwọn oníbàárà á ti kú tán, ọmọ ọmọ wọn ló máa wá gbé e."

"Ṣé ẹ rí i, Bọ̀ọ̀dá? Erùpẹ̀ ló ń kúrò, àwọ̀ ewé dúró. Iṣẹ́ mi nìyẹn: kí n mọ èyí tó máa lọ àti èyí tó máa dúró."

Lẹ́yìn náà, ó ri agogo náà sínú omi tó fi oògùn díẹ̀ sí, kí iyọ̀ inú rẹ̀ lè máa jáde bọ̀. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń pààrọ̀ omi yẹn. Kó tó dà á nù, á bu díẹ̀ sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́, á kán oògùn sí i.

Lọ́sẹ̀ kìíní, bí oògùn ṣe kán sínú omi tó mọ́ gaara yẹn, ó funfun kẹ̀ẹ̀! Bí ìgbà tí ìkùukùu já sínú ìgò.

"Ah! Idán nìyí!"

"Kì í ṣe idán. Iyọ̀ tí ojú ò rí ló fara hàn yẹn. Oògùn yìí kì í rí iyọ̀ kó dákẹ́."

Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni Dángbinrin ń ti ṣọ́ọ̀bù pa, tó ń wá wo ìkùukùu. Àwọn oníbàárà rò pé ó ti ní obìnrin níta. Lọ́sẹ̀ kẹta, ìkùukùu náà dín kù. Lọ́sẹ̀ kẹfà, ó dà bí èémí lójú dígí. Lọ́sẹ̀ kẹsàn-án, oògùn kán sínú omi, omi náà kò yí padà rárá. Dángbinrin fò sókè, orí rẹ̀ fẹ́ẹ̀ ba àjà jẹ́. Ọkùnrin tí kì í yọ̀ àfi bí nǹkan bá ń dán, ó ń jó nítorí omi tí kò fi nǹkan kan hàn!

"Àbúrò mi," ó wí, nígbà tó mí tán, "ọdún mẹ́fà yẹn, mo rò pé òwú lo lọ kà. Má bínú."

Òwú tí Ìyá Òwú ń wé bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó jẹ́ kí agogo náà gbẹ dáadáa. Ó bo imú, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó fi oògùn mìíràn pa á lára. "Èyí á di mọ́ idẹ náà bí àwọ̀ tí ojú ò rí, tí ọ̀rinrin ò fi ní ráyè tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ ra tiyín o. Ó léwu fún ẹni tí kò kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó." Lẹ́yìn ìyẹn, ó gbé agogo sínú àpótí, ó da àwọn hóró kan síbẹ̀ tó ń fa ọ̀rinrin mu, irú èyí tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun.

"Èyí tí wọ́n kọ 'ẹ má jẹ ẹ́' sí lára?"

"Òun náà ni."

"Mo ti tọ́ ọ wò rí."

"Mo mọ̀ pé ẹ ti tọ́ ọ wò, Bọ̀ọ̀dá."

Ọjọ́ tí wọ́n máa kà á pé. Bàbá Táílọ̀ wọ kóòtù tó rán fún ara rẹ̀ ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, nítorí ó dá a lójú pé ọjọ́ ìṣẹ́gun òun ni. Nínú ọkọ̀, òun àti àbúrò rẹ̀ jà á láti ilé dé ẹnu géètì.

Ìyá Òwú pa iná òkè. Ó gbé iná kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ agogo, kó máa tàn án láti ìsàlẹ̀. Lójijì, lára àwọ̀ ewé tó le yẹn, òjìji kéékèèké dìde, wọ́n di lẹ́tà. Ó kà á sókè:

"ỌMỌBÌNRIN MI LÓ KỌ́KỌ́ LÙ Ú."

Ìyá àgbà kò hó, kò fò. Ó kàn mí kanlẹ̀, bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀.

Bàbá Táílọ̀ bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀, ó bẹ̀rẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. "Ọwọ́ Bàbá ni," ó wí nígbẹ̀yìn. "Bó ṣe máa ń na ẹsẹ̀ lẹ́tà nìyí, bí ẹni jókòó sórí àpótí." Ó yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Ìwọ ni."

"Ẹ tún un sọ. Etí mi ò gbọ́ dáadáa."

"Ojú rẹ ni kò ríran! Etí rẹ ò ṣe nǹkan kan! Mo ní ìwọ ni!"

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin parí bí ìgbà tí wọ́n já òwú.

"Ó kù," Ìyá Òwú wí, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà. "Ìlà kejì wà. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: 'Ó NÍ…'"

"Ó ní kí ni?" Dángbinrin béèrè.

 Ó sún mọ́ agogo. Lẹ́yìn "Ó NÍ", ibi tó tó àtẹ́lẹwọ́ ló tẹ̀ lé e, ó mọ́lẹ̀ kedere, kò sí lẹ́tà kankan níbẹ̀. Ó mọ ibẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni.

"Màmá," ó wí, "kí lẹ sọ lọ́jọ́ náà?"

Ìyá àgbà ronú. "Ọmọ ọdún márùn-ún ni mí nígbà náà, ọmọ mi. Mo rántí pé mo sọ̀rọ̀, pé Bàbá rẹ́rìn-ín títí. Ohun tí mo sọ ti lọ lórí mi. Agogo yìí ni mo gbójú lé pé á rán mi létí."

Dángbinrin di àbúrò rẹ̀ lápá mú. "Kò sí kẹ́mísìrì kan tó lè dá a padà? Kódà kó gba ọdún mẹ́wàá. Màá máa wé òwú fún ọ."

"Ohun tó ṣẹ́ kù ni kẹ́mísìrì lè dá dúró, Bọ̀ọ̀dá. Èyí tí ásíìdì ti gbé lọ, ó ti lọ."

Màmá fẹ́ fọwọ́ ka ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n òógùn ọwọ́ náà ní iyọ̀ nínú. Dángbinrin ló ronú kan ọ̀nà. "Ṣé o lè fi rọ́bà rírọ̀ kan gba àwòrán ojú rẹ̀, kó má pa á lára? Kó o gbé rọ́bà yẹn fún mi. Mo ní bọ́dìfílà tí mo fi ń dí ara ọkọ̀ tó wọnú."

Ọjọ́ mẹ́rin ló fi po bọ́dìfílà, tó fi tẹ̀ ẹ́ sínú rọ́bà náà, tó fi dúró kó le. Ó kùn ún ní àwọ̀ ewé tó dúdú, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sì jáde bí ó ṣe wà. Ó wá kan ibi tí kò sí lẹ́tà yẹn. Ó lè gbẹ́ ohunkóhun síbẹ̀, ta ni yóò mọ̀? Ó gbé irin ìgbẹ́ sókè, ó tún gbé e sílẹ̀. Ó fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ẹ̀yin ará, ohun tí ìtàn yìí wà fún nìyí. Bẹ́ ẹ bá hú ohun àtijọ́ nínú ilẹ̀, tàbí tẹ́ ẹ rí i nínú àjà bàbá yín, ẹ má ṣe fọ̀ ọ́. Ẹ gbé ásíìdì jìnnà sí i, ẹ gbé ọsàn wẹ́wẹ́ jìnnà sí i, àti búrọ́ọ̀ṣì wáyà, àti ọ̀dà. Ẹ má fi ọwọ́ lásán pa á lára lójoojúmọ́. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ wé e sínú aṣọ rírọ̀ tó mọ́, ẹ gbé e síbi tó gbẹ. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ inú omi tàbí ẹrọ̀fọ̀ lẹ ti rí igi tàbí awọ, ẹ má sá a sóòrùn o; ẹ jẹ́ kó wà ní tútù títí ẹni tó mọ̀ á fi dé. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó sún mọ́ yín, ẹ béèrè ẹni tó ń tọ́jú ohun àtijọ́. Tẹ́ ẹ bá sì ní àbúrò tó ń gbé òwú kiri, ẹ dákẹ́, ẹ bi í léèrè nǹkan tó ń fi ṣe.

Agogo gidi ti wà nínú àpótí tó gbẹ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Láàárọ̀ láàárọ̀, ìyá àgbà máa ń gbé èyí tí ọmọ rẹ̀ ṣe lé itan, ìka rẹ̀ á máa rìn lórí lẹ́tà. Bó bá dé "Ó NÍ", tó kan ibi tó ń yọ̀, ìka náà á dúró síbẹ̀. Bí Dángbinrin bá ń kọjá lọ, tó sì tẹ orí mọ́lẹ̀, ìyá rẹ̀ á gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, á ní:

"Má yọ ara rẹ lẹ́nu, ọmọ mi. Mò ń rántí bọ̀."